Fèrèsé Oṣù Mẹ́fà: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwé Tó Ti Fẹ̀yìntì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ nípa ìnṣọ́ránsì ìlera ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún 2026. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè wá.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n má pẹ́, torí pé ìrẹsì ti dé. Èmi náà gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń bá mi du yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé rí níbí? Ẹ nawọ́. Ta ló bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ní ilé ìdáná? Àwọn tó ń jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá, nínú kíláàsì, dà? Àwọn tíṣà gan-an ńkọ́? Ẹ ṣeun. Ní tèmi, ọdún méjìlélógún ni mo lò ní yàrá ìkàwé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mò ń to ìwé, mo sì ń nu imú fún ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ wa yàtọ̀ síra, àmọ́ bí ìlera bá di ọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, inú ìwé kan náà ni wọ́n kọ orúkọ gbogbo wa sí.

Mi ò ta ìnṣọ́ránsì. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ máa gbọ́rọ̀ yìí lẹ́nu wọn ń jẹ nínú ohun tí ẹ bá rà. Àṣìṣe tèmi ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2024 ni ìyá mi papò dà ní Abẹ́òkúta. Oṣù kejì ni mo gbéra, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo máa lò. Ẹ mọ bí ìsìnkú àgbà ṣe máa ń rí: òní aṣọ ẹbí, ọ̀la ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀tunla ẹ̀gbọ́n kan á ní òun kò gbà. Oṣù keje ni mo tó padà. Lẹ́tà mi ti kún àpótí, wọ́n ti fi rọ́bà dì wọ́n, aládùúgbò mi ló bá mi tọ́jú wọn. Mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tó wá láti ọ̀dọ̀ Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tó ti pé ọdún 65. Èyí àkọ́kọ́ ní kí n san owó. Èkejì rán mi létí. Ẹ̀kẹta ń halẹ̀. Ẹ̀kẹrin ní ó ti tán.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ ìwé owó sí mi? Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ìwé ìjọba ní Texas kì í yọ owó Social Security, owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba àpapọ̀, lára owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn. Owó Medicare nìkan, ìdá 1.45 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ń yọ lára ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1986. Ẹni tó ń gba Social Security, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó Apá B, ìyẹn apá Medicare tó wà fún dókítà, lóṣooṣù, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ń san án. Ẹni tí kò gbà á bíi tèmi, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ìwé owó ń bọ̀ nílé. Ìwé náà kò ga, kò ní àwọ̀, ó dà bí ìpolówó tí èèyàn máa ń jù sínú garawa. (Lẹ́yìn tí ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2025, èyí tó pa òfin tó ń gé Social Security àwọn tíṣà rẹ́, àwọn kan nínú yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á báyìí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ń yọ Apá B níbẹ̀, kí ẹ má bàa máa san án lọ́nà méjì.)

Ó wá ṣe mí ní nǹkan mìíràn. Ìnṣọ́ránsì tí mo gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì mi, orí Apá B yẹn ló dúró lé. Bí Apá B ṣe já, òun náà já. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé òkú ìyá mi fún ọmọbìnrin kan lórí fóònù. Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó sì ní kí n dúró di oṣù kìíní. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta lọ́dọọdún ni wọ́n ń gba ẹni tí àkókò tirẹ̀ ti kọjá. Mo forúkọ sílẹ̀ nínú oṣù kìíní, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì. Ní gbogbo àkókò yẹn, owó ọwọ́ mi ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí mo fi dúpẹ́ ni pé kò pé oṣù méjìlá, torí pé gbogbo oṣù méjìlá tí èèyàn bá fi wà láìní Apá B, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi kún owó rẹ̀, ìtanràn yẹn kì í sì í kúrò.

Mo wá ní ó yá, kí n ra Medigap, ìnṣọ́ránsì àfikún tó ń san ohun tí Medicare kò san. Wọ́n bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n bi mí nípa ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n bi mí bóyá mo ti dùbúlẹ̀ ní ọsibítù láàárín ọdún méjì. Mi ò purọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní àwọn kò lè gbà mí. Medicare Advantage, Medicare tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń bá ìjọba ṣe, ni mo wà lónìí. Mi ò yàn án o. Òun nìkan ló kù nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tú u wò. Ààrẹ tó buwọ́ lu òfin Medicare ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1965, Lyndon Johnson, ará Texas ni, tíṣà sì ni tẹ́lẹ̀: ó kọ́ àwọn ọmọ Mẹ́síkò ní ìlú Cotulla, ó tún kọ́ni ní ilé ìwé girama kan níbí ní Houston. Mo fẹ́ràn láti máa rántí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí òṣìṣẹ́ ilé ìwé yìí dá sílẹ̀ fún wa, bùbá ni, kò fi ìró kún un. Apá A wà fún ọsibítù. Apá B wà fún dókítà, àyẹ̀wò, ìtọ́jú tí a ń gbà ká tó padà sílé. Lọ́dún 2026 yìí, 202.90 dọ́là ni Apá B ń gbà lóṣooṣù. 185 ló jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá wọ ọsibítù, 1,736 dọ́là ni ẹ máa kọ́kọ́ san kí Apá A tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ti Apá B, ẹ ó kọ́kọ́ san 283 dọ́là lọ́dún, lẹ́yìn náà Medicare á san ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ogún tó kù di tiyín.

Ogún yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún nínú 200 dọ́là kì í ṣe nǹkan. Àmọ́ bí ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ bá di 80,000 dọ́là lórí ìwé Medicare, 16,000 ni tiyín, kò sì sí ibi tí òfin ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò sí òpin kankan lórí rẹ̀. Torí ogún yẹn la ṣe ń wá ìnṣọ́ránsì àfikún.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún wa. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ wa àtijọ́. Ní Texas, TRS-Care ni, ìnṣọ́ránsì ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, láti ọdún 2018 sì ni wọ́n ti kó àwọn tó bá ti wọ Medicare sínú Medicare Advantage. Lọ́dún yẹn, inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n jáde. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn: ní Pennsylvania, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwé ń fi tó 100 dọ́là lóṣooṣù ran àwọn tó tó ọdún iṣẹ́ lọ́wọ́ láti san owó ìnṣọ́ránsì. Ẹ wo bí owó yẹn ṣe máa ń jẹ́ ohun tí èèyàn kì í kà sí, tó sì jẹ́ pé láàárín ogún ọdún, ó ti tó 24,000.

Ọ̀nà kejì ni Medigap. Òun ló rọrùn jù láti lóye, mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń sọ awo. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe oríṣi rẹ̀: Plan A, B, D, G, N àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi Plan wọ̀nyí pe Apá A, B tàbí D ti Medicare. Ìjọba ló pinnu ohun tó wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Plan G ilé iṣẹ́ kan bá san, òun gan-an ni Plan G ilé iṣẹ́ kejì máa san. Owó oṣooṣù ló yàtọ̀. Àpò ìrẹsì kan náà, ṣọ́ọ̀bù ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní orúkọ ilé iṣẹ́ bí ẹni pé orúkọ ló ń wo àìsàn sàn. Plan G á san gbogbo ogún yẹn, àfi 283 dọ́là tí ẹ kọ́kọ́ máa san lọ́dún. Plan N dínwó díẹ̀, ó lè ní kí ẹ mú tó 20 dọ́là wá bí ẹ bá rí dókítà, àti tó 50 bí ẹ bá sáré dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Plan F tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń yìn, ẹni tó bá pé ọdún márùndínláàádọ́rin láti oṣù kìíní ọdún 2020 kò lè rà á mọ́. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni bí owó náà ṣe máa ń lé bí ọjọ́ orí ṣe ń lé. Ti àwọn kan ń gòkè bí ẹ ṣe ń dàgbà. Èyí tó rọjú jù ní ọdún 65 lè má rọjú mọ́ ní 80. Ẹ tún rántí pé Medigap kò ní oògùn nínú. Ẹ gbọ́dọ̀ ra Apá D, ti oògùn, lọ́tọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni Medicare Advantage tí ẹ̀yin fúnra yín lọ ń rà lọ́jà, èyí tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, títí tí èèyàn á fi fẹ́ fọ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó kún Apá B. Wọ́n ń fi eyín sí i, awò ojú, oògùn. Mi ò ní bú wọn. Inú rẹ̀ ni mo wà, orúnkún mi ni wọ́n sì tọ́jú lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe é dáadáa. Ó ní òpin náà: lọ́dún 2026, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohun tí ẹ máa san lápò yín lọ́dọ̀ àwọn dókítà tiwọn kọjá 9,250 dọ́là lọ́dún. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tiwọn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí dókítà yín kò bá sí nínú ìwé wọn, ẹ ó san púpọ̀ tàbí kí ẹ má rí i rárá. Wọ́n tún máa ń ní kí dókítà gbàṣẹ kó tó ṣe nǹkan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró de àṣẹ àwòrán orúnkún mi, tí mò ń fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ilé ìdáná.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi owó oṣooṣù wé owó oṣooṣù. Èmi ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: bí mo bá jáde níbí, ṣé mo lè padà wọlé? Láti ọjọ́ kìíní oṣù tí ẹ bá ti pé 65, tí Apá B yín sì ti bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni ẹ ní láti ra Medigap èyíkéyìí, kò sì sí ẹni tó lè bi yín nípa àìsàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ní Texas àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n lè bi yín, wọ́n sì lè kọ̀ yín. New York àti Connecticut wà lára àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fèrèsé díẹ̀ mìíràn wà: bí ibi iṣẹ́ bá gba àfikún tí wọ́n ń fún yín kúrò, ẹ ní ọjọ́ 63, bí ẹ bá gbìyànjú Medicare Advantage fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ pé 65, ẹ lè yí ọkàn padà láàárín oṣù méjìlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ara yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Bàbá kan wà tí a jọ mọra, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé ọmọ lọ gbé ọmọ bọ̀, kò já ẹnikẹ́ni lulẹ̀ rí. Ó rí nọ́ńbà kan lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní káàdì wà tí èèyàn á fi máa ra oúnjẹ. Ó pè wọ́n. Káàdì ló ní òun ń béèrè. Ẹni tó wà lórí fóònù ka nǹkan gígùn kan fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré, ó sì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí a ṣe máa ń dá àlejò lóhùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìnṣọ́ránsì ilé ìwé rẹ̀ já, ti ìyàwó rẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà já, torí pé èèyàn kò lè wà nínú Medicare Advantage méjì: tuntun ló ń lé ti àtijọ́ jáde. Kódà bí ẹ bá kàn ra Apá D lọ́tọ̀ níta, ó lè yọ yín kúrò nínú ti ibi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí kókó lára bàbá yìí, ọsibítù tí dókítà rẹ̀ fẹ́ kó lọ kò sí nínú ìwé wọn. Káàdì oúnjẹ náà dé o. Ó fi hàn mí. Àádọ́ta dọ́là ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ sílé ní oṣù kọkànlá, tí ẹ ń padà bọ̀ nígbà tí òtútù bá lọ, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Medicare kì í san owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Ẹ lè fi káàdì yẹn pa ẹ̀fọn ní Ìbàdàn. Àmọ́ Plan D, G, M àti N, àti Plan C àti F ti àwọn àgbà, ń san ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó pàjáwìrì nílẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti san 250 dọ́là, bí àìsàn náà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ ìrìn àjò. 50,000 dọ́là ni òpin rẹ̀ fún gbogbo ayé ẹni. Ẹ kíyè sí ọgọ́ta ọjọ́ yẹn. Ẹni tó lọ ní oṣù kọkànlá, tí àìsàn mú ní oṣù kejì, ó ti bọ́ síta. Ẹ máa gba ìwé owó níbi tí wọ́n bá ti tọ́jú yín, pẹ̀lú orúkọ dókítà àti ohun tó ṣe. Ìwé pélébé tí wọ́n kọ "a ti gba owó" sí kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Àwọn Medicare Advantage kan náà ń san pàjáwìrì òkèèrè, ẹ wo inú ìwé yín. Ṣùgbọ́n òfin wọn ní kí ẹ máa gbé ní àgbègbè wọn. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ láìpadà, wọ́n lè yọ yín. Medigap kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí ní Ọ̀yọ́ tàbí Ṣàgámù, tó sì fẹ́ máa fi oṣù púpọ̀ gbé níbẹ̀, pé kó rò ó dáadáa kí fèrèsé oṣù mẹ́fà tó tì. Kó má sì ṣe já Apá B jù sílẹ̀ torí pé kò lò ó nílé. Ọjọ́ tó bá fẹ́ gbà á padà, ìtanràn ń dúró dè é.

Ti oògùn, díẹ̀ ni mo máa sọ: láti ọdún 2025 ni òpin ti wà lórí ohun tí ẹ ń san lápò lórí oògùn Apá D, 2,000 dọ́là lọ́dún yẹn, 2,100 lọ́dún yìí. Insulin kò gbọ́dọ̀ ju 35 dọ́là lóṣù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn yín sórí ìwé kan kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan bi mí níta pé ṣé a kò lè jà fún èyí tó dáa ju eléyìí lọ. A lè jà. Láti ọdún 2021 ni ìlú New York ti fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, tíṣà wà lára wọn, kúrò nínú Medicare pẹ̀lú àfikún, kó wọn sínú Medicare Advantage. Àwọn arúgbó náà gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà lọ, ó bọ̀, títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà, ìlú sì borí níbẹ̀ lọ́dún 2025. Síbẹ̀, olórí ìlú nígbà náà ní òun kò ṣe é mọ́. Àwọn tó ń ti ọkọ̀ arúgbó àti àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn ló ṣe ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun wò ó, kó wá HICAP, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí Medicare ní Texas. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní irú rẹ̀, SHIP ni wọ́n ń pè é káàkiri Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í ta nǹkan. Ẹni tó ń san Apá B fúnra rẹ̀, kó jẹ́ kí báǹkì máa san án tààrà lóṣooṣù. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti ní kí wọ́n gbé tábìlì kan sí ẹ̀yìn, kí ẹni tó bá ní lẹ́tà mú un wá. Ìyá kan tó dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ àpòòwé mẹ́ta tí kò tí ì já, ó ní òun rò pé ìpolówó ni. A já èyí tó wà lókè. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn ni owó náà gbọ́dọ̀ wọlé. Ọjọ́ 22 la wà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fa fóònù yọ, ó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó san án kí wọ́n tó bu ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ wa.